Etí Addie Nínú Sẹ́ẹ̀lì Kòkòrò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé n kò fẹ́ràn kòkòrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì wọn ní yàrá ìwádìí wa ní Bryan, ní Texas, síbẹ̀ bí mo bá rí ọ̀kan lórí àgbàdo nínú ọgbà mi, bàtà ni mo fi ń kí i. Irú kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo ní ìjẹ àjẹrun yẹn náà ni. Kò sí àgbẹ̀ tó lè gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n láti inú ilé ẹyin rẹ̀ ni àwọn kan ti mú sẹ́ẹ̀lì tí kì í kú, tó ń bí sí i bí a bá ṣáà ti ń fún un lómi oúnjẹ tí a kò sì jẹ́ kí òtútù mú un. Iṣẹ́ èmi Lorna nìyẹn. Bí ọkọ mi bá bi mí pé kí ni mo ṣe lónìí, màá ní mo fún ẹgbàágbèje ọmọ lóúnjẹ, kò sì sí èyí tó dúpẹ́ nínú wọn.

Ohun tí a ń fi sẹ́ẹ̀lì náà ṣe kò ṣòroó yé. Àwọn nǹkan kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó ń gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé: sùn, dìde, sá, o ti yó. Etí la máa ń pè wọ́n láàárín ara wa. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá etí kan ń gbọ́, a kò lè la orí ẹni tó ni ín wò. Ńṣe la ó fi ìlànà tí ara fi ń mọ etí náà sínú fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ pé kòkòrò nìkan ló ń bá jà. Fáírọ́ọ̀sì á wọ inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ etí ènìyàn sára bí ẹni pé tirẹ̀ ni, títí yóò fi kú. Kòkòrò kò ní irú etí bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, bí oògùn bá lẹ̀ mọ́ ọn tí sẹ́ẹ̀lì sì dáhùn, kò sí àríyànjiyàn, etí ènìyàn ló gbọ́.

Maricela Cantú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọmọ Laredo ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, a sì máa kọrin fún sẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá ń bọ́ wọn. Àléébù kan ló ní: kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá. Ọ̀gá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alton Pruitt, kò sì mọ bí a ti ń ṣe ìlérí kékeré. Ẹ ti rí i pé a ti rí ìjàngbọ̀n ná.

Ìparí ìgbà ooru ni Charlene Vrana wọlé tọ̀ wá láti Caldwell, òun àti Addie, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Ó gbé páálí kolache dání, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi èso sí láàárín. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá Pruitt kàn, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn kan ní Houston sọ fún un pé etí tó ń gbọ́ "o ti yó" nínú ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ní àṣìṣe láti inú oyún. Ebi ń pa ọmọ náà nígbà gbogbo. Bó bá jẹun tán, ebi ẹni tí kò jẹun láti àná ló tún ń pa á. Ó sanra débi pé eékún rẹ̀ ti ń dùn ún bíi ti ìyá àgbà.

"Ẹ tètè jẹ kolache yìí," ni Charlene wí, ó ti páálí náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ má gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Fíríìjì mi, àgádágodo. Kọ́bọ́ọ̀dù, àgádágodo. Oúnjẹ ajá, inú búùtù ọkọ̀ ni mo ń tì í mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n máa nà án, pé wọ̀bìà ni. Mo ní ẹ̀yin ni wọ̀bìà, àìsàn ló ń ṣe ọmọ tèmi."

Addie kò gbé ojú kúrò lára páálí náà. Maricela bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe fún un.

"Àǹtí, ṣé ara kòkòrò lẹ fẹ́ fi etí mi sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ṣé ebi á wá máa pa kòkòrò náà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ náà. Maricela ní, "Kò ní ikùn mọ́, sẹ́ẹ̀lì lásán ló kù. Ebi ò lè pa á."

"Ó mà ṣe oríire o," ni Addie wí.

Houston ń dán oògùn abẹ́rẹ́ kan wò, tó ń ké sí etí náà kíkankíkan ju bí ara ti ń ké sí i lọ. Etí tó kàn dití díẹ̀ lè gbọ́ ọ. Èyí tó dití pátápátá kò lè gbọ́ ọ, àwọn dókítà kò sì ní gba ọmọ tí kò sí ẹ̀rí pé etí rẹ̀ lè gbọ́. Pruitt gbá tábìlì, ó ní, "Kó tó di Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní oṣù kọkànlá, ẹ̀rí á ti wà lọ́wọ́ yín." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Mo wo Maricela, Maricela ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òfin kan wà nínú yàrá wa tí mo máa ń pariwo rẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi máa sín mi jẹ. Bí fáírọ́ọ̀sì méjì bá wà nílẹ̀, èyí tó jẹ́ aláìlera ni kí o kọ́kọ́ ṣí, èyí tó lágbára ni kí o fi parí, kálukú sì gbọ́dọ̀ ní ìgò omi oúnjẹ tirẹ̀. A kò lè fi ojú mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀kán kan tó bá ta sínú ìgò ẹlòmíràn ti di onílé níbẹ̀. Òfin kejì, ti sùúrù ni. Bí a bá ti ṣe fáírọ́ọ̀sì tuntun, a ó fọ́n ọn sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo pẹlẹbẹ, kó tàn káàkiri, kó jẹ́ pé ojú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì róbótó kékeré tó bá yọ lórí àwo, jẹ́ ìran fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. A ó yan ojú kan, òun la ó máa bí sí i. Ó ń pẹ́, ó sì ń súni. Ẹni tí ìlérí ń lé kì í fẹ́ dúró dè é.

Maricela kò dúró. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọ̀sán, àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Laredo, inú ọkọ̀ Maricela sì ni aṣọ ọmọ náà wà. Etí Addie, èyí tó jẹ́ aláìlera, wà nínú ìgò kékeré kan, etí ènìyàn tó pé, èyí tí a fi ń ṣe àfiwé, wà nínú èkejì. Èyí tó pé ti yọ́ kúrò nínú yìnyín, ti Addie kò tíì yọ́. Ó bá kọ́kọ́ ṣe èyí tó pé. Nígbà tí ti Addie yọ́, ìgò omi oúnjẹ kan náà ló fà mọ́ra tó dà lé e. Ó pa iná, ó gba ọ̀nà Laredo lọ.

Nígbà tó padà dé, fáírọ́ọ̀sì Addie kò lókun nínú. Dípò kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dà á sórí sẹ́ẹ̀lì tuntun, ó tún dà á sórí òmíràn, títí ó fi lágbára. Èmi ni mo ń fún un ní sẹ́ẹ̀lì, mo sì ń yìn ín pé ó ní ìforítì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà kò yé ẹnìkankan wa. Ẹ̀kán tó ta wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ ń bí sí i, ti Addie ń kú lọ. Ẹ da òròmọdìẹ kan mọ́ àkùkọ níbi ọkà kan ṣoṣo, ẹ óò rí èyí tó máa yó.

Ìgbà tí wọ́n da oògùn sí sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì dáhùn wàì. Pruitt pariwo débi pé àwọn ará yàrá kejì sáré wá. Ó pe Charlene lórí fóònù níwájú gbogbo wa, a gbọ́ bí obìnrin náà ti bú sẹ́kún. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó di Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Pruitt ra kéèkì, wọ́n fi ṣúgà ya etí lé e lórí, èmi ni mo gé e. Mo jẹ ègé méjì.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún Addie lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́.

Nígbà tí Maricela fẹ́ kó ìwé oyè rẹ̀ jọ, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní kó ka ohun tó wà nínú gbogbo fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Iṣẹ́ àfidí-àlàfo ni. Ó kàn gbé e fún àwọn tó ń kà á, ó gbàgbé. Èsì dé nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, lọ́jọ́ kan tí èmi àti ẹ̀ ń jẹ taco lábẹ́ igi níwájú ilé iṣẹ́. Ó wo fóònù rẹ̀, ó sì gbé taco sílẹ̀.

"Màmá Lorna, mo ti dáràn."

"Ọ̀ràn wo nìyẹn? O tún fọ́ ìgò ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo èyí. Ti Addie nìyí."

Mo gba fóònù. Gbogbo wa la mọ ojú ibi tí àṣìṣe Addie wà, ó ti di ohun tí a lè kà lójú oorun. Mo wò ó, mo tún un wò.

"Àṣìṣe náà dà?"

"Kò sí."

"Báwo ni kò ṣe ní sí? Ṣé ó ti wo ara rẹ̀ sàn ni?"

"Ti Addie kọ́ ni, mà. Etí tó pé ni, látòkèdélẹ̀. Etí tó pé la da oògùn sí. Etí tó pé ló dáhùn." Ó fi ọwọ́ di ẹnu. Lẹ́yìn náà ló wá rántí ọjọ́ Jímọ̀, ó sọ ọ́ fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, aṣọ tó wà nínú ọkọ̀, ìgò tó kọ́kọ́ yọ́, omi oúnjẹ. "Ọwọ́ mi ni. Mo rí ọwọ́ mi bó ti ń ṣe é."

Ká sọ pé ìgò ló fọ́, màá ti bú u, màá ti tún rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ bá ọ̀gá ní kíá, mo sì tẹ̀ lé e.

Pruitt ka èsì náà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta yìí náà ni, sà."

"Kó má kọjá ibí. A ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá etí ọmọ náà ń gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà, a ò tíì mọ̀."

"Ọ̀gá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́."

"Maricela, abẹ́rẹ́ náà kò lè pa á. Ṣé o fẹ́ ká sọ ọ̀kan lónìí, ká tún sọ òmíràn lọ́la? Ìyá ọmọ náà á ya wèrè."

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀rọ̀ ojo náà ni. Ohun méjèèjì lè wà nínú gbólóhùn kan, mo sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́, mo lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò sẹ́ẹ̀lì tuntun.

Lọ́tẹ̀ yìí Maricela yan ojú kan lórí àwo. Ó ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó. Kò kọrin fún sẹ́ẹ̀lì mọ́. Ìgbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni Charlene tún dé láìsọ tẹ́lẹ̀, òun àti Addie. Kí n tó dá Addie mọ̀, mo ti rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Ọmọ tó funfun bí ìyẹ̀fun ti dúdú. Ètè rẹ̀ dúdú, àmì kéékèèké ojú rẹ̀ dúdú bíi tàdáwà, apá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti wà lóko ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti kékeré.

"Ẹ wo ara rẹ̀!" Charlene na apá ọmọ náà sókè fún wa. "Dókítà ní oògùn náà máa ń kan awọ ara. Ṣé ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, ìwòsàn là ń wá."

Oògùn náà mọ ọ̀nà etí mìíràn tó wà ní awọ ara. Ìyẹn ní tirẹ̀ pé, ó sì ń gbọ́, òun ló ń sọ awọ di dúdú. Mo wo Maricela. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ebi ńkọ́?" Èmi ni mo bi í.

Ojú Charlene yí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́. "Ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́. Mo ti tú gbogbo àgádágodo nígbà tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní etí rẹ ti ń gbọ́ báyìí, àwọn onímọ̀ ti rí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ṣì ń jí oúnjẹ? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbèjà rẹ̀. Nísinsìnyí, kí ni mo fẹ́ fi gbèjà? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún un pé n kò fẹ́ gbọ́ 'ebi ń pa mí' lẹ́nu rẹ̀ mọ́."

"Mi ò sọ ọ́ mọ́," ni Addie wí. Ó kọjú sí Maricela bí ẹni tó fẹ́ kí olùkọ́ yin òun. "Mo ń jẹ́wọ́ fún Fádà ní gbogbo Sátidé. Mo sọ fún un pé etí mi ń gbọ́, èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́ràn."

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ni àwọn àgbà wí. Ọmọ yìí, wọ́n ti fi ẹ̀ṣẹ̀ lé ebi lórí nínú ikùn rẹ̀, àwa la sì fi ẹ̀ṣẹ̀ náà ránṣẹ́. Maricela ní òun ń bọ̀. Mo bá a nílé ìtọ̀, ó tún ń fọ ọwọ́.

"Lọ sọ fún wọn," ni mo wí.

"Ọ̀gá ní ká dúró."

"Ọ̀gá ò sí nílé ìtọ̀."

"Bó bá wá jẹ́ pé etí rẹ̀ ń gbọ́ lóòótọ́ ńkọ́? Tí mo bá ní kò gbọ́, tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, tó wá jẹ́ pé ó ń gbọ́?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jẹ́ ká rí èsì ná, Màmá Lorna. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. A padà jáde, a dágbére fún wọn, Maricela gba Addie mọ́ra, wọ́n lọ.

Èsì jáde lẹ́yìn Àjíǹde. Etí Addie wà lára sẹ́ẹ̀lì kòkòrò dáadáa, mímọ́, òun nìkan ṣoṣo. A da oògùn sí i. Kò dáhùn. A fi kún oògùn náà títí ó fi di àwàdà, sẹ́ẹ̀lì náà dákẹ́ bí ilẹ̀ ibojì. Pruitt kò janpata mọ́. Ó kọ̀wé sí Houston, ó sọ òtítọ́ pátá, mo gbọ́dọ̀ fún un ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ilé ẹ̀kọ́ ní dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ bá ìdílé náà sọ̀rọ̀, pé àwa ò gbọ́dọ̀ yọjú. Dókítà náà sì wà ní ìrìn àjò.

Ọjọ́ Sátidé, kí n tó jẹun àárọ̀, Maricela ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Lónìí ó tún máa lọ jẹ́wọ́," ló wí. "Ẹ bá mi lọ, mà. Bí ẹ ò bá tẹ̀ lé mi, màá yí ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà."

"Wọ́n á lé ẹ kúrò nílé ẹ̀kọ́."

"Mo mọ̀."

Ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n a lè bá a di ọ̀já. Mo wọ bàtà mi.

Charlene yọ̀ nígbà tó rí wa. Ó ní ká jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, ó ń wá kọfí. Addie ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, kólà funfun yí ọrùn rẹ̀ tó dúdú ká. Maricela kò jókòó.

"Mo fẹ́ kí Addie náà gbọ́ ohun tí mo bá wá," ló wí.

"Ta ló rán yín?" Charlene ti fura.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Wọ́n ní n má wá. Èsì tí mo gbé jáde kì í ṣe ti Addie. Mo fi omi kan náà bọ́ fáírọ́ọ̀sì méjì, ti ẹlòmíràn wọ inú ti Addie, ó sì jẹ ẹ́ run. Etí ẹlòmíràn ló gbọ́ oògùn yẹn. A ti tún un ṣe. Etí Addie kò gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ọ rárá."

Ife tó wà lọ́wọ́ Charlene kò já bọ́. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fọ́.

"Oṣù mélòó ni mo ti ń gún ọmọ mi?"

"Ẹ̀bi mi ni, mà."

"N kò bi yín ní ti ẹ̀bi. Ẹ wo ojú ọmọ mi! Ẹ wo ètè rẹ̀! Ẹ̀yin ń yọ̀ lé e lórí, mo gbọ́ yín lórí fóònù, ẹ ń pàtẹ́wọ́." Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin náà, àgbàlagbà."

"Ẹ má bínú," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu mi débi pé ojú tì mí fún un.

"Mo nà án." Ohùn Charlene ti bàjẹ́. "Ẹ gbọ́ mi? Láyé mi n kò na ọmọ yìí rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a níbi tó ti ń jẹ ìyẹ̀fun tútù nínú àpò, mo nà án, nítorí ìwé yín ní ó ń gbọ́."

Addie ni gbogbo wa wá ń wò. Ó ń fi ọwọ́ fa etí kólà rẹ̀.

"Àǹtí Maricela, ṣé ó túmọ̀ sí pé mi ò parọ́?"

Maricela kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "O ò parọ́ rí. Etí rẹ ò gbọ́, ebi ń pa ẹ́ lóòótọ́. Èmi ni mo ṣe é tí wọn ò fi gbà ẹ́ gbọ́."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo gbàdúrà pé kí ọmọbìnrin náà parọ́, kó ní àná. N kò rò pé màá gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ láyé mi.

"Mo ti mọ̀ pé mo ṣàṣìṣe nígbà tí ẹ wá fi ara rẹ hàn wá."

"Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín pé mò ń jẹ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Addie rò ó. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò ilé ìwé, tó sì fẹ́ kó bọ́ sí i.

"Ẹ̀yin ló yẹ kó jẹ́wọ́ nígbà yẹn," ló wí.

Maricela dorí kodò, omijé ń bọ́ sí orí bàtà ọmọ náà. Charlene ní ká jáde nílé òun. A dìde. Mo ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn wa, ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń dán omi wò bóyá ó gbóná.

"Mọ́mì, ebi ń pa mí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Charlene ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti fa ọmọ náà mọ́ra, kólà funfun náà ti rún.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ló ń wí. "Mo mọ̀."